Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Tí Bàbá Gbé Gòkè

Ọmọ kan ṣoṣo ni onígbàjámọ̀ náà bí, obìnrin ni. Ìyá ọmọ ti kú kí ọmọ tó dá a mọ̀, bàbá ló ń wẹ̀ ẹ́, òun náà ló ń di irun fún un, bẹ́ẹ̀ irun gígẹ̀ nìkan ló kọ́ ní tirẹ̀. Ọ̀nà orí tó bá là kì í tọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ fi sọ ọ́ ní Orí-Wíwọ́.

Nígbà tí Orí-Wíwọ́ wọ yunifásítì, oníbàárà kan jókòó sórí àga bàbá, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nínú yàrá, ìyà ni yóò jẹ ẹ́. Bàbá gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ tọkàntọkàn.

"Bàbá, ẹ má rà á o," ọmọ bẹ̀ ẹ́. "Wọ́n ní tiwọn nílé ìkàwé. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń tẹ̀wé."

"Tẹni ni tẹni, tàkísà ni tààtàn," ni bàbá dá a lóhùn.

Ó rà á. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé páálí náà lé èjìká, tó ń gun àtẹ̀gùn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ, tó ń mí hẹlẹ. Ọmọ ní kó jẹ́ káwọn jọ gbé e, ó kọ̀. Nígbà tó dé òkè, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ oyè.

Yàrá ọ̀hún ò gbà á. Bẹ́ẹ̀dì méjì, tábìlì kan, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé náà sì ní ẹrù tirẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì Orí-Wíwọ́, níbi ẹsẹ̀, ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí, ló bá di pé ó ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ kó tó lè sùn. "Ẹrù lásán ni," ló máa ń wí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àmọ́ tí bàbá bá pè é lórí fóònù, ohùn a yí padà.

"Ẹ̀rọ wa ńkọ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, Bàbá."

"Ṣé o rí i? Mo sọ fún ẹ!"

Nígbà tó ku ọdún kan kí ọmọ jáde, bàbá ń gẹrun fún ẹnì kan láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ jókòó díẹ̀. Kò dìde mọ́.

Ọmọ lọ sin ín. Kó tó padà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi ẹ̀rọ náà tẹ̀wé. Ìwé há sínú rẹ̀, ó fi agbára fà á, nǹkan sì kán nínú lọ́hùn-ún.

"Jọ̀ọ́, má bínú," ni ọ̀rẹ́ kọ́kọ́ sọ bí Orí-Wíwọ́ ṣe wọlé. "Ẹ̀rọ ẹ ti bàjẹ́."

Orí-Wíwọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbá ẹ̀rọ náà mọ́ra, ó bú sẹ́kún. Látìgbà tí wọ́n ti sìnkú, kò tíì sunkún.

Ọ̀rọ̀ náà ò yé ọ̀rẹ́. "Ṣebí ìwọ lo ní ẹrù lásán ni? Ilé ìkàwé ṣáà wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. N ò nílò ẹ̀ rí. Àmọ́ òun ló gbé e wá."

Ọ̀rẹ́ jókòó tì í.

Orí-Wíwọ́ gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe, ìyẹn tú u wò, ó mi orí. Wọn ò ṣe irú ohun tó kán yẹn mọ́. "Kí lo fẹ́ fi ṣe tó o bá gbé e padà?" ló bi í. Orí-Wíwọ́ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń lọ lójú títì, kò mọ ibi tí yóò ki ọwọ́ rẹ̀ bọ̀.

Nígbà tó kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ tán, ilé ìkàwé ló ti lọ tẹ̀ ẹ́. Èrò pọ̀, ìwé oníkálukú dàpọ̀ mọ́ra lẹ́nu ẹ̀rọ. Ọmọkùnrin kan tó wà níwájú mú ojú ewé kan tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò ju ìlà kan lọ: *Fún bàbá mi, onígbàjámọ̀.*

"Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni."

Ọmọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Ìwé náà ṣì gbóná. Orí-Wíwọ́ gbà á, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń retí ìyókù.