Àwọn Òǹtẹ̀ Tí A Kò Tíì Rí

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé yàrá owó àtijọ́ nílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wa ní Ṣíkágò, Prof, ọ̀gá ibẹ̀, ní kí n bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ mi, kí n fọ ọwọ́, kí n sì jókòó. Ó gbé owó fàdákà méjì síwájú mi lórí aṣọ dúdú. Orí obìnrin kan ló wà lára méjèèjì.

"Rísì, ìbejì ni wọ́n àbí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò?"

Mo wò wọ́n títí. "Ìbejì ni, sir."

"Look at the ear. Yẹtí ẹni yìí kan irun rẹ̀. Tẹni kejì ò kàn án. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnì kan náà ló gbẹ́ wọn, but òǹtẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni."

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ nìyẹn. Wiáháòsì ní Bolingbrook ni mo ti wá, níbi tí mo ti ń gbé páálí títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí. Inú mi dùn pé mo ti rí iṣẹ́ ìjókòó. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ojú ló máa wá gba ìyà tí ẹ̀yìn ń jẹ.

Ganíyù lorúkọ Prof, ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ó sì ti wà ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó bí mi. Àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ ń pè é ní Gani láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹnu tèmi ò gbà á. Bí mo bá wọlé láàárọ̀, màá kúnlẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, òun náà á sì ní, "Dìde jàre, iṣẹ́ wà nílẹ̀."

Iṣẹ́ ọ̀hún rèé. Láyé àtijọ́, àwọn ará Gíríìkì máa ń gbẹ́ àwòrán sójú irin. Wọ́n á gbé fàdákà gbígbóná lé e, wọ́n á fi irin kejì tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì fi òòlù lù ú. Irin yẹn la ń pè ní òǹtẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, nítorí náà òǹtẹ̀ méjì kì í rí bákan náà. Bí ọ̀kan bá fọ́, wọ́n á gbẹ́ òmíràn. Owó tí ìlú kan lù ti tàn ká, wọ́n ti yọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, ilẹ̀ ti gbé ìyókù mì. Ṣùgbọ́n bí a bá mọ iye òǹtẹ̀ tí wọ́n lò, a lè fojú bu bí fàdákà wọn ṣe pọ̀ tó. Iye owó tí òǹtẹ̀ kan lè lù kó tó fọ́ wá ni ìjà ńlá láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Mo ti rí àgbàlagbà méjì tí wọn ò kí ara wọn mọ́ nítorí rẹ̀.

Mo bi Prof léèrè bí èèyàn ṣe lè ka òǹtẹ̀ tí kò tíì rí. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o ń lọ Jímọ̀? Ká ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mọ́ṣáláṣí kan. Bó bá jẹ́ pé ojú kan náà lò ń rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ gbogbo ìjọ nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn, ẹ̀ẹ̀kan péré lo rí wọn, a jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì wà tí o ò tíì rí rárá."

Òǹtẹ̀ ìlú Gíríìkì kékeré kan létí òkun ni Prof fi gbogbo ayé rẹ̀ kà. Ìwé rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì dájú ṣáká: a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo òǹtẹ̀ ìlú náà tán, wọn ò pọ̀, ìlú náà kò ní fàdákà púpọ̀. Ara Prof ò lélẹ̀ nítorí pé ojú rẹ̀ ń lọ. Dókítà ti sọ fún un pé glaucoma ni, pé oògùn kàn lè fà á sẹ́yìn díẹ̀ ni. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni kó fi ojú ara rẹ̀ ka ìwé náà.

Ìgbà náà ni ìdílé kan fi àwọn owó àtijọ́ bàbá wọn tó ti kú ta ilé iṣẹ́ wa lọ́rẹ. Ọ̀kan nínú owó náà jẹ́ ti ìlú tí Prof ń ka òǹtẹ̀ rẹ̀. Ó gbé e sọ́wọ́, ó ń fi àtàǹpàkò yí etí owó náà po. Ó dúró.

"Rísì, etí ẹ̀ ya níbí yìí. Bá mi kó fọ́tò àwọn owó tí a ti kà sí òǹtẹ̀ yìí wá."

Fọ́tò mẹ́ta ló wà, láti inú ìwé gbàǹjo mẹ́ta, a sì ti kà wọ́n sí owó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ọ̀kan, owó náà dúdú. Nínú èkejì, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán. Ẹ̀kẹta, POP ni wọ́n fi da àwòrán rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ti apá òdìkejì wá. Mo wá wo etí wọn. Ibì kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya sí. Òǹtẹ̀ ló ń fún owó lójú, ṣùgbọ́n òòlù ló ń ya á létí, owó méjì kì í sì í ya bákan náà. Àwa oníṣẹ́ yìí, ojú owó ni wọ́n kọ́ wa láti máa wò. A kì í wo etí.

"Owó yìí náà ni gbogbo wọn, sir."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

Ó rọra jókòó. Ẹni tó wá mọ́ṣáláṣí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n wá ń lo fọ́tò rẹ̀ káàkiri, la ti kà sí ẹni tó ń wá déédéé. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan, ta ló mọ iye òmíràn?

Ìyàwó Prof pè mí lọ́jọ́ kejì. "Rísì, please, bá mi bẹ̀ ẹ́. Kó jẹ́ kí ìwé yẹn jáde. Ojú rẹ̀ ò lè dúró de àtúnkà."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Prof. Mo ní kó jẹ́ ká fi àlàyé kékeré sẹ́yìn ìwé, kí ìwé náà sì máa lọ. Inú bí i. N kò rí irú ìbínú bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ rí.

"Ẹnì kan jókòó, ó gbẹ́ irin tí a ò tíì rí yẹn. Ó ṣiṣẹ́! Tí mo bá ní kò sí òǹtẹ̀ mìíràn, mo ti pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́. I won't do that. Pè wọ́n, kí wọ́n dá ìwé mi padà."

Gbogbo ìgbà òtútù yẹn la fi tún un kà. Mo ń wo etí, mo ń sọ ọ́ fún un, òun ń rántí ibi tó ti rí irú rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí a rò pé a mọ̀ dáadáa ló di ẹni tí a rí lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí a tún ìṣirò ṣe, ìwé náà kò lè sọ ohun tó fẹ́ sọ mọ́. Prof ní kí n kọ gbólóhùn ìparí bí òun bá ṣe ń sọ ọ́: a kò mọ bí fàdákà ìlú yìí ṣe pọ̀ tó, àwọn òǹtẹ̀ tí a kò rí pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

Ó wá ní, "Ọjọ́ ayé mi, Rísì, mo rò pé mo ti rí wọn tán." Mo sunkún nínú ọkọ̀ ojú irin títí mo fi dé Homewood tí mò ń gbé.

Nígbà tí ìwé náà fi máa jáde, Prof ò lè kà á mọ́. Ó fẹ̀yìn tì sílé rẹ̀ ní Hazel Crest, èmi ni mo sì wà lórí àga rẹ̀ báyìí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, oníṣòwò gbàǹjo kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Owó ìlú yẹn ni. Mo fi í wé gbogbo èyí tí a ní lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò bá ọ̀kankan mu. Mo pe Prof.

"Ẹ káàárọ̀, sir. Ọ̀kan dé. A ò rí òǹtẹ̀ rẹ̀ rí."

"Are you sure?"

"Ó dá mi lójú, sir."

Ó ní, "Alhamdulillah. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹni tó ni owó náà àti ibi tí wọ́n ti rí i. Ó dá mi dúró.

"Fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Sọ ojú rẹ̀ fún mi." Mo fa fọ́tò náà mọ́ra. Ó tún ní, "Má kánjú o. Bẹ̀rẹ̀ láti orí irun."