Pákó Tí Bàbá Mi Fi Bo Ẹnu Omi

Òórùn òróró ẹ̀rọ ló máa ń jí mi láàárọ̀. Kí n tó lajú, òórùn aṣọ kakí bàbá mi á ti gba yàrá kan ṣoṣo tí à ń gbé ní Agbowó. Ṣakí ni àwọn òbí mi ti wá. Bàbá mi ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú adágún wọ páìpù ní ilé-omi kékeré kan tí kò jìnnà sílé wa. Láàárọ̀ Sátidé, èmi ni mo máa ń gbé ẹ̀kọ àti àkàrà lọ fún wọn.

Lókè ibi tí ẹnu páìpù wà lábẹ́ omi, omi máa ń pòyì, ihò tóóró kan á sì lu láàárín rẹ̀ bí ìdodo ọmọ tuntun. Mo fẹ́ràn láti máa wò ó. Bàbá mi kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Wọ́n máa ń sọ pé, "Omi tó bá ń pòyì, ẹnu ló là sílẹ̀." Afẹ́fẹ́ ń gba ihò yẹn wọ páìpù, ẹ̀rọ á máa wúkọ́, á máa gbọ̀n. Ohun tó bá sì sún mọ́ ọn, á fà á. Bí omi adágún bá ti dínkù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó tún máa ń le sí i. Bàbá mi kan pákó mẹ́fà pọ̀, wọ́n so ó mọ́ òpó kó lè léfòó síbẹ̀. Omi dákẹ́.

Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àwọn àlejò ńlá fẹ́ wá wo ilé-omi náà. Ọ̀gá ilé-omi ní kí bàbá mi yọ pákó kúrò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," bàbá mi wí, "pákó yẹn ló ń gbà wá."

"Bàbá Fúnmi, ẹ wo bó ṣe rí jákujàku. Ẹ yọ ọ́. Táwọn àlejò bá lọ, ẹ dá a padà."

Àwọn àlejò wá, wọ́n lọ. Kí bàbá mi tó padà débi tí wọ́n gbé pákó sí, ẹnìkan ti là á fi dáná. Wọ́n tọrọ òmíràn títí, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

Ní Sátidé kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, mo gbé oúnjẹ dé, mo bá bàbá mi nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré, wọ́n ń fi igi kó ewé tó dí ẹnu páìpù. Wọn kò pa ẹ̀rọ, torí ọ̀gá ti ní omi tí ẹ̀rọ náà ń fà lọ sí Bódìjà kò gbọdọ̀ dá. Ọkọ̀ náà yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, ó dojú dé. Orí bàbá mi yọ láti inú omi.

"Fúnmi, pa ẹ̀rọ!"

Mo sáré wọ yàrá ẹ̀rọ. Bọ́tìnì pọ̀ lára ògiri. Bàbá mi ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀ láéláé, pé iná ń pa ènìyàn. Mo dúró, mo ń sunkún, mo ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Nígbà tí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé-omi sáré dé tó pa ẹ̀rọ, kò sí ẹnikẹ́ni lójú omi mọ́.

Màmá mi kò bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà rí, títí wọ́n fi kú. Nígbà mìíràn wọ́n á kàn máa wò mí, wọ́n á ní, "Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn," wọ́n á sì yíjú.

Mo ti fi ọdún méjì ju ọjọ́ orí tí bàbá mi kú sí lọ báyìí. Ọkọ mi ní ọmọdé kò jẹ̀bi. Mo ń gbọ́, kò wọ̀ mí lára. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn kò mọ bọ́tìnì tó yẹ kó tẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n báyìí: pupa ni, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló wà. Kò sí ẹni tí mo lè tẹ̀ ẹ́ fún mọ́.