Ìyá Kọ́mà Kú, Wọ́n Sin Ọ̀gá Mọ́ Ọn

Ìyá Kọ́mà kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bírò pupa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ́ èmi náà, kí n tó wá di olùkọ́ lábẹ́ òrùlé kan náà. Ohun kan ló ká a lára jù: kọ́mà tó yẹ kó ṣáájú "and" tàbí "but" nígbà tí wọ́n bá so odidi gbólóhùn méjì pọ̀. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, á di imú ara rẹ̀ mú, á ka gbólóhùn náà láìmí títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n kuku. A ó rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n a kì í gbàgbé mọ́.

Kí ni wọ́n fi san án fún un? Ọ̀gá ilé ìwé wa yọ ọ́ kúrò ní kíláàsì, ó ní kó lọ máa ṣọ́ yàrá àga, pé kọ̀ǹpútà á máa fi kọ́mà sí i fúnra rẹ̀. Odindi ọdún mẹ́rin! Àga tó ti kán lẹ́sẹ̀, ibo ló fẹ́ sá lọ? Mo bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ń fi kọ́mà sínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní òun ti fi wọ́n sílẹ̀, kọ́mà ni òun ò lè fi sílẹ̀. Àwa olùkọ́ yòókù ńkọ́? A panu mọ́. Mo wà lára àwọn tó panu mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá fúnra rẹ̀ kọ ìkéde, ó fọwọ́ sí i, ó pín in ká: "We buried our teacher and the principal and the choir sang." Ó fẹ́ sọ pé a sin olùkọ́, òun àti ẹgbẹ́ akọrin sì kọrin. Ṣùgbọ́n kò fi kọ́mà sẹ́yìn "teacher"; ohun tí gbogbo ayé kà ni pé a sin olùkọ́ àti ọ̀gá, akọrin nìkan ló ṣẹ́kù. Yorùbá tiwa ì bá yọ ọ́: "àti" ń so orúkọ, "sì" ń so ìṣe. "And" kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní, kọ́mà ló fi ń làjà.

Kó tó di ọ̀sán, àwọn àna ọ̀gá ti dé ilé rẹ̀ tẹkún-tẹkún. Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn tòun ti aṣọ ìnura nídìí, ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tó fi máa dé ilé ìwé, igbákejì rẹ̀ ti jókòó sídìí tábìlì rẹ̀. Ọ̀gá kọjú sí mi, ó béèrè ẹni tó yẹ kó yẹ ìkéde náà wò.

"Ìyá Kọ́mà ni, sà," ni mo wí. "Ẹ ní kí wọ́n máa ṣọ́ àga."



Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwé yìí, ẹ mú ọ̀gá jáde. Kó dúró níwájú gbogbo ọmọ ilé ìwé, kó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ olóògbé, kó sì dá ẹ̀kọ́ kọ́mà padà sí kíláàsì. Títí yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní kí i láàárọ̀. Ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ sí wà lọ́wọ́ mi: a ti sin ín.