Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Ọjọ́ Ẹtì

Ẹni tó bá sọ pé ojú ni ìfẹ́ ń gbà wọlé, ẹ má dá a lóhùn. Tèmi gba ìdí wọlé, nínú ọkọ̀ ògbólógbòó kan tó ń ná Lọ́kọ́jà sí Kàbà.

Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba tí ilé wa wà nílẹ̀ Òkun, lápá Kàbà, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì nìkan la fi ń ṣe ọmọ Lọ́kọ́jà. Tó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ẹ ò ní bá wa ní ọ́fíìsì mọ́. Ẹ̀wù kóòtù ọ̀gá wa nìkan lẹ máa bá tó kọ́ sẹ́yìn àga, bí ẹni pé ilé ìtọ̀ ló lọ.

Àwa mẹ́rin kan náà ló máa ń há sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn: nọ́ọ̀sì kan tó ti dàgbà, olùkọ́ kan tó máa ń sùn, èmi, àti ọkùnrin kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi. Ọkùnrin yìí ò wù mí rárá. Orí rẹ̀ ti ń pá, ẹ̀pà sísè ló sì máa ń jẹ délé. Ẹ sì wo ìdí mi, Ọlọ́run ò fi ahun ṣe é. Tí wọ́n bá ti tilẹ̀kùn, apá rẹ̀ á di apá mi, itan rẹ̀ á di itan mi. Pásítọ̀ wa ní kí àpọ́n àti omidan máa fi àyè Bíbélì kan sílẹ̀ láàárín ara wọn. Nínú ọkọ̀ yẹn, ìwé ìléwọ́ gan-an ò ráyè. Àwọn àgbà ní igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òkèèrè wo?

Tírélà ti ba ọ̀nà yẹn jẹ́. Bí a bá ti já sí kòtò, màá ṣubú lé e, á kí mi pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé òun ló gbẹ́ kòtò náà.

Mi ò mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Mo kàn rí i pé láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń lọ aṣọ tí màá wọ̀. Òórùn ọṣẹ rẹ̀ ti ń dùn mọ́ mi, orí pípá náà sì ti di orí ọlọ́lá. Ìyá mi ní arẹwà ọkùnrin kan nílẹ̀ fún mi ní Àbújá, tó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lójoojúmọ́. Fọ́tò ò ní itan. Ìyá mi sì ti búra pé tí n kò bá mú ẹlòmíì wálé kí Kérésìmesì tó dé, àwọn ará Àbújá ń bọ̀ wá tọrọ mi. Ẹni tí mo fẹ́ wá rèé, ẹ̀pà ló ń bó.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú Kérésìmesì, mo ti àdúgbò Òtòkìtì dé gáréèjì, mo bá ọkùnrin náà tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti san owó èèyàn méjì níwájú kí èmi nìkan lè fẹ̀ síbẹ̀. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ti jókòó sí àyè mi.

Nọ́ọ̀sì ní kí n dúpẹ́, pé ọmọlúàbí nìyẹn. Mo wọ iwájú. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi, omijé ń bọ̀. Mo gbà pé mo ti sú u ni, pé ó fi ọgbọ́n lé mi.

Kí awakọ̀ tó ṣáná sí ọkọ̀, mo bọ́ sílẹ̀, mo sì bẹ pẹ́lẹ́ńgẹ́ kó lọ jayé níwájú. Kò jiyàn. Ojú ọkùnrin náà fà ro, ó ní òun kàn fẹ́ kí ara tù mí ni.

Mo ní, “Ta ló sọ fún yín pé ara ń ni mí lẹ́yìn?”

Ó sún, mo wọlé, ilẹ̀kùn kọ̀, kò tì, àfìgbà tí awakọ̀ fi ìdí tì í láti ìta. A ò tíì dé Ọbájánà tó fi bi mí pé ọjọ́ wo ni àwọn ẹbí òun lè bá ìyá mi nílé.