Ejò Tí Vigmar Fín fún Holmgaut

Vigmar ọkọ mi kò jalè rí, kò sì pààyàn rí. Síbẹ̀, láti ìkórè èṣí, bó bá ti fọwọ́ kan búrẹ́dì, mi ò lè jẹ ẹ́ mọ́. Ó ń rí mi lára.

Òun ló ń fín ejò sára òkúta ìrántí òkú káàkiri ilẹ̀ Uppland. Inú ejò yẹn ni ọ̀rọ̀ máa ń wà, láti ẹnu dé ìrù. Orúkọ ẹni tó gbé òkúta dúró ló ń ṣáájú, ẹni náà ni gbogbo ìlú sì gbà pé ó jogún òkú. Vigmar a máa ní ejò inú òkun ló wé mọ́ ayé, tó fẹnu di ìrù ara rẹ̀ mú kí ayé má baà tú, àti pé bẹ́ẹ̀ ni tòun ṣe ń wé mọ́ ilẹ̀ onílẹ̀. Ṣíọ̀! Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn yangàn rí.

Nígbà tí Vifil kú sírìn àjò, Gillaug ìyàwó rẹ̀ wá bẹ Vigmar pé kó fín òkúta fún ọkọ òun. Wọn ò bímọ. Oko tí Vifil fi sílẹ̀ nìkan ni Gillaug ní. Vigmar gbà, ó sì ti fi èédú ya ejò náà tán kí Holmgaut, àbúrò òkú, tó dé. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀ rìnrìn àjò náà ló mọ̀ pé Holmgaut fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ létí omi pẹ̀lú àìsàn, tó sì bọ́ ẹ̀wù onírun lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀wù náà ló wọ̀ wá sílé wa, ó ń rùn, ó sì fa abo ẹlẹ́dẹ̀ kan dání. Ó ní orúkọ òun ni kí wọ́n fín.

Mo fa Vigmar sẹ́yìn ilé. Mo rán an létí Nidhogg, ejò ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tó ń jẹ òkú àwọn ọ̀dàlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ìyá Jofrid, ejò kì í jẹ ẹni tó ń fín in.”

Ó pa ẹlẹ́dẹ̀ náà jẹ. Ọ̀rá ń ṣàn ní irùngbọ̀n rẹ̀, ọwọ́ ọlọ́ràá yẹn náà ló sì fi kun ejò ní ọ̀dà pupa. Àjẹìwẹ̀yìn ẹ̀dá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkúta náà dúró, Gillaug gbé wàrà wá fi dúpẹ́. Kò mọ̀wé òkúta, ló bá ní kí n fi orúkọ òun han òun. Mo gbé ìka rẹ̀ lé ẹnu ejò, mo ka orúkọ Holmgaut. Mo fà á lọ, mo ka Vifil, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A dé ìrù.

“Ìyá Jofrid, èmi ńkọ́?”

“O ò sí níbẹ̀.”

Ó nu ọ̀dà tútù náà sára aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra bi mí bóyá àyè wà fún òun nílé màlúù wa.

Mo ní kó wá sórí ibùsùn mi. Láti ọjọ́ náà, ilé màlúù ni Vigmar ń sùn.