Ìdérí Ìgò Lábẹ́ Bàtà

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo dúró de bọ́ọ̀sì ní Ardwick, nílùú òyìnbó níbí, nígbà tí mo gbọ́ ìró kan láti inú gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀. Kì í ṣe ìró òòlù. Irin ni, lórí pákó, ó ń yára, ó ń dúró, ó tún ń yára. Mo yọjú lójú fèrèsé. Àwọn obìnrin kan tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹgbẹ́ mi ń jó nínú bàtà tí wọ́n kan irin mọ́ nídìí. Bọ́ọ̀sì dé, ó sì lọ, mi ò wọ̀ ọ́.

Mo délé, mo sọ fún ọmọ mi obìnrin, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, pé mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Mọ́mì, orúnkún yín ńkọ́?"

"Òun náà ń bá mi lọ."

"Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Kí wọ́n gbọ́ pé Ìyá Ìjọ ń ta ẹsẹ̀ kiri Ardwick?"

Mo ní kó jẹ́ kí n ronú sí i. Irọ́ ni, mo ti ronú tán. Ìdí rẹ̀ ni mi ò tíì sọ fún un, mo sì ń kọ ọ́ síbí fún òun àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí ní Abẹ́òkúta, mo wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ sinimá wá bá wa ní ọ̀sán Sátidé kan. Wọ́n fi ẹní bo fèrèsé gbọ̀ngàn kó lè ṣókùnkùn, wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri. Sinimá òyìnbó ni, ó sì ti gbó débi pé ńṣe ló dà bí ẹni pé òjò ń pa gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀. Àwọn atukọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n pàdé àwọn ọmọbìnrin tó ń wá iṣẹ́ eléré, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ijó. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: kì í ṣe ijó ìdí tàbí ti èjìká bíi tiwa. Ẹsẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa jókòó ti ẹ̀rọ tó ń tan sinimá náà sára ògiri, pẹ̀lú àkẹtẹ̀ rẹ̀. Bí ọkùnrin bá ti sún mọ́ obìnrin jù, yóò fi àkẹtẹ̀ bo ojú ẹ̀rọ, ògiri á ṣókùnkùn, orin nìkan la ó máa gbọ́. Bó bá gbé e kúrò, àwọn méjèèjì á ti máa rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, ó dá wa lójú pé ńṣe ni òyìnbó máa ń dijú gbàdúrà pọ̀ kí wọ́n tó jó.

Mosúnmọ́lá, ọ̀rẹ́ mi, ló jókòó tì mí. Alásè ni bàbá rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń ná Àpápá sí Liverpool, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn. Mosúnmọ́lá fi ìgúnpá gún mi.

"Ṣé o rí i? Iṣẹ́ tí bàbá mi ń ṣe nìyẹn."

"Ṣebí o ní ó ń se oúnjẹ."

"Tí wọ́n bá jẹun tán ńkọ́?"

Mo tún kọjú sí aṣọ funfun náà.

A ṣa ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, a fi òkúta lù ú pẹlẹbẹ, a sì kàn án mọ́ abẹ́ bàtà ilé-ìwé wa, mẹ́rin mẹ́rin. Nígbà ìsinmi, a máa ń gun pèpéle gbọ̀ngàn. Mosún á fi ẹsẹ̀ béèrè, èmi á fi ẹsẹ̀ dáhùn. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé-ìwé fi ń wá wò wá, kò sì pẹ́ tí pákó pèpéle fi dà bí ohun tí ológbò họ.

Ọ̀gá àgbà pè wá síwájú gbogbo ọmọ. Kì í ṣe ìkà. Òun fúnra rẹ̀ ló tọrọ pákó wọ̀nyẹn kiri ìlú. Àwa méjèèjì ti yege láti wọ ilé-ìwé girama àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n wọn kì í gba ọmọ tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ìwà rere fún. Ó ní ká kúnlẹ̀, ká sọ pé ijó ìtìjú ni, ká sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé a ò ní jó o mọ́.

Èmi kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì fi "sà" lé e lẹ́ẹ̀mejì.

Mosún dúró. "Ẹ jọ̀wọ́ sà, màá bẹ̀bẹ̀ nítorí pákó. Màá fi yanrìn bó o títí á fi dán. Mi ò ní bẹ̀bẹ̀ nítorí ijó."

"Kúnlẹ̀."

"Pákó nìkan, sà."

Ìyá rẹ̀ wá kúnlẹ̀ dípò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àgbà ní orúnkún ọmọ lòun fẹ́. Mosún fi ọ̀sẹ̀ kan bó pákó náà, ó dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀gá àgbà kò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Èmi gbé àpótí mi lọ sí ilé-ìwé girama. Òun lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Èkó. A kọ lẹ́tà síra wa lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò mọ ibi tó wà lónìí.

Mo di olùkọ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́, mo kọ irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rere àti ọmọ líle, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀ kó tó gbà á. Mo rò pé ìyẹn ti tó. Kò tó.

Ayé ti yí padà. Ohun tí àwọn ọmọ-ọmọ mi ń wò lórí fóònù, àkẹtẹ̀ ọgọ́rùn-ún kò lè bò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó di kálàmù mú ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, níbí bíi ti ilé, tó fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sẹ́ ohun tó ń múnú yín dùn kó tó fọwọ́ sí ìwé yín. Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí ẹ bàjẹ́. Ẹ tún un ṣe. Ẹ má kúnlẹ̀ fún ìyókù.

Òwúrọ̀ yìí, nígbà tó rí i pé mi ò yí ọkàn padà, ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé mi dé gbọ̀ngàn Ardwick. "Mọ́mì, mi ò ní ráyè gbé yín lọ sí A&E ní ọsibítù lónìí o," ló sọ, ó sì bá mi so okùn bàtà.

Olùkọ́ ijó náà, ọmọdébìnrin tí mo lè bí ìyá rẹ̀, ní kí àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé rọra máa gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀. Gbogbo ayé mi ni mo ti fi ń rọra. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, mo sì là á mọ́lẹ̀.