Sitẹbiláísà Ìyá Mi

Nígbà tí ìyá mi wá kí mi ní Manchester lọ́dún tó kọjá, ohun méjì ni wọ́n dì sáàárín aṣọ nínú báàgì wọn dípò gaàrí tí mo bẹ̀ wọ́n fún. Èkíní ni téèpù àtijọ́ kan tó wé mọ́ àwo, tí ohùn bàbá mi wà nínú rẹ̀. Èkejì ni sitẹbiláísà, àpótí wúwo tá a máa ń fi sáàárín iná àti ẹ̀rọ nílé, kí iná ìjọba tó ń lọ sókè sódò má baà jó nǹkan. Inú bí mi. Ta ló ń gbé sitẹbiláísà wọ bàálù?

N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta tí bàbá mi fi kú. Ẹ̀rọ tó ń lo téèpù náà ti bàjẹ́ nílé tipẹ́tipẹ́, ìyá mi ò sì gbọ́ ohùn ọkọ wọn mọ́ látìgbà náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra àlòkù kan, èyí tó ní kẹ̀kẹ́ méjì lórí, lọ́wọ́ òyìnbó arúgbó kan ní Whalley Range. Mo gbé e sórí tábìlì nílé mi ní Blackley. Ìyá mi gbé sitẹbiláísà tì í, wọ́n ní bàbá mi kì í tan nǹkan kan láìlò ó. A fi téèpù sí i. Hùn-ùn-ùn! Ariwo ọ̀hún bo ohùn bàbá mi mọ́lẹ̀, a ò dá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mọ̀.

Mo pààrọ̀ wáyà. Mo yọ fíríìjì kúrò nínú iná. Mo pe lándíọ̀ọ̀dù, mo bú wáyà inú ilé rẹ̀ títí ó fi gé fóònù mọ́ mi létí. Nígbà tó yá, mo gbé ẹ̀rọ náà wọ reluwé lọ sí Wigan, apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, torí pé ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń tún rédíò àtijọ́ ṣe. Ó fi téèpù tirẹ̀ sí i. Kò kùn rárá. Ó bi mí pé kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílé. Mo ní kò sí nǹkan kan. Díẹ̀ ló kù kí n bú u, mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo délé, mo tan án. Hùn-ùn-ùn!

Ó wá ku ọ̀la kí ìyá mi wọ bàálù padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo tún fi téèpù sí i, ó tún bẹ̀rẹ̀.

“Mọ́mì, ó ti sú mi! Kò sí ohun tí mi ò check tán!”

“Ṣé sitẹbiláísà yẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa ṣá?”

“Ẹ fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú sitẹbiláísà yín jàre! Voltage ibí kì í lọ sókè sódò. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ sọ ọ́?”

“Ó ti tó,” ni wọ́n wí. “Má bínú.”

Mo fa àpótí náà kúrò lórí tábìlì, mo jù ú sílẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ ta á dé ibi tí wáyà rẹ̀ gùn mọ. Ariwo dákẹ́ wẹ́lo. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Iná inú sitẹbiláísà ló ti ń wọ ẹ̀rọ náà lára látọjọ́ yìí, tó ń di ariwo, torí pé wọ́n jókòó ti ara wọn.

Bàbá mi ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ń kí àbúrò wọn tó wà lókè òkun, ohùn wọn rọ̀. Lójijì wọ́n jágbe mọ́ ẹnì kan: “Ta ló tan fíríìjì yẹn láìlo sitẹbiláísà? Ṣé orí ẹ pé báyìí, obìnrin yìí? Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ sọ ọ́?”

Ohùn ọ̀dọ́bìnrin kan dáhùn nínú téèpù náà: “Ó ti tó. Ẹ má bínú.”

Mo wo ìyá mi. Wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. “Ohùn wọn nìyẹn,” ni wọ́n wí. “Bí wọ́n ṣe máa ń pariwo nìyẹn.”

Inú tún bí mi, sí bàbá tí n kò mọ̀, àti sí èmi alára jù. Mo kúnlẹ̀, mo fi etí aṣọ mi nu ojú ẹsẹ̀ mi kúrò lára sitẹbiláísà náà.